Ẹ̀gbọ́n, Ẹ Má Bẹ́ Igi Yẹn Lórí Mọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alájì Onírin ní Babbar Kasuwa

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Alájì Onírin,

Mo kí Alájà nílé, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí mẹ́gáàdì yín, ọkùnrin tí kì í bá igi ṣàwàdà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọjà ó tà, kí àwọn tó ń ràwìn lọ́wọ́ yín máa rántí ọ̀nà ìsọ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà sí yín síta gbangba, nígbà tó jẹ́ pé ògiri kan ló là wá láàárín. Ẹ̀yin lẹ fà á. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Bí mo bá ti dé ìsọ̀ yín ní Babbar Kasuwa, láàárín àwọn tó ń ta àdá, ìṣó àti wáyà, tí mo bá ti la ẹnu pé "Ẹ̀gbọ́n, igi yẹn…", ẹ ó ti rán ọmọọ̀ṣẹ́ pé kó sáré lọ ra fùrá wá fún àlejò. Fùrá tutù, wàrà inú rẹ̀ ki, ṣúgà sì dé ibi tó yẹ kó dé. Ta ló máa jà lórí igi nígbà tí irú ìyẹn bá wà lẹ́nu? Lónìí, ilé ni mo jókòó sí, mi ò mu nǹkan kan, ẹnu mi sì dá ṣáká.

Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní pa òwe Sókótó òun ṣòkòtò fún yín. Láti ìgbà tí ẹ ti ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí àna, kò sí ọ̀rẹ́, kò sí awakọ̀ tí kò tíì pa á fún yín. Ọ̀rọ̀ tèmi kò sí nínú àpò kankan, ojú títì ló wà. Ọ̀rọ̀ panṣẹ́kẹ́ iwájú ilé yín ni, igi tí àwọn mìíràn ń pè ní ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, tí òyìnbó ń pè ní flamboyant.

Lọ́dọọdún, bí oṣù Ẹrẹ́nà bá ti wọlé, ẹ ó pe mẹ́gáàdì, ẹ ó na àdá tuntun sí i láti inú ọjà yín, ẹ ó gbé àga síta, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nàka. "Eléyìí. Ìyẹn náà. Má fi ti ọ̀tún yẹn sílẹ̀." Kó tó di àkókò ìrun àṣálẹ́, igi tó ga ju òrùlé lọ ti di òpó mẹ́ta tó dúró gbagidi, kò léwé, kò lẹ́ka. Ẹ ó nu ojú, ẹ ó ní ẹ ti rẹ́wọ́ igi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rẹ́wọ́ rẹ̀, ẹ bẹ́ ẹ lórí ni.

Ibi tó ti wá dùn mọ́ mi jù ni oṣù Èbìbí. Panṣẹ́kẹ́ ojú títì á pọ́n, ti ilé kejì á pọ́n, àwọn ọmọ iléèwé á máa ṣa òdòdó tó já bọ́ sílẹ̀. Tiyín á dúró, ewé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nìkan ló hù lórí àwọn òpó yẹn. Ẹ ó wá ká ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ ó wò ó láti òkè délẹ̀, ẹ ó sì bi mí pẹ̀lú ojú tó le pé: "Àbúrò, àbí akọ ni tèmi?"

Kò sí akọ panṣẹ́kẹ́ láyé yìí, Alájì. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ló ní akọ àti abo nínú. Bí ẹ bá lè mú ẹyọ kan lọ́wọ́ (lọ́dọ̀ aládùúgbò ni o), ẹ ó rí abala márùn-ún: mẹ́rin pupa, ẹ̀karùn-ún dá dúró, ó funfun tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, pupa sì ta sí i lára. Ẹ ó rí fọ́nrán mẹ́wàá tó gùn jáde láàárín, àwọn ni akọ. Abo wà láàárín wọn, òun ló ń di èso gígùn tí àwọn ọmọdé ń mì kó lè máa dún. Kò sí ohun tó ṣe igi yín. Ẹ̀ka tó yẹ kó gbé òdòdó ni Alájà fi se túwó.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé. Erékùṣù Madagascar ni panṣẹ́kẹ́ ti wá. Onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Wenceslas Bojer ló kọ nípa rẹ̀ fún àwọn ará Yúróòpù ní 1829, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń gbé hóró rẹ̀ káàkiri gbogbo ilẹ̀ olóoru. Nínú igbó tí ẹ̀ẹ̀rùn ti máa ń mú gan-an ló ti ń hù nílé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀rùn Sókótó kò ṣàjèjì sí i. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Á wọ́wé dànù kí omi má baà gbẹ lára rẹ̀, á dúró ní ìhòòhò, gbogbo èèyàn á rò pé ó ti kú. Kò kú. Ó kó oúnjẹ pamọ́ sínú igi, ó ń retí. Ìgbà tí ooru bá dójú ẹ̀, tí òjò sì ń sún mọ́, ló máa ń ju òdòdó jáde, nígbà mìíràn kí ewé tó kún. Ibo ló ń jù ú sí? Kì í ṣe ara ìtì. Ẹ̀bá ṣóńṣó ẹ̀ka ni, àwọn ẹ̀ka tó ti dàgbà tó, tó ti gbó díẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ń ṣe. Ó ku díẹ̀ kí ṣóńṣó ẹ̀ka wọ̀nyẹn tú àpò wọn lẹ ń gé wọn. Igi tí wọ́n gé báyìí kì í ro òdòdó mọ́. Ewé ni ẹnu tó fi ń jẹun, ẹ sì ti gbá a lẹ́nu. Á fi ìwọ̀nba oúnjẹ tó fi pamọ́ hu ẹ̀ka tuntun wàràwàrà, mẹ́wàá níbi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀, kó ṣáà ti rí ewé. Kí àwọn ẹ̀ka náà tó gbó débi tí wọ́n máa gbé òdòdó, oṣù Ẹrẹ́nà mìíràn ti dé, mẹ́gáàdì sì ti ń pọ́n àdá.

Mo mọ èsì yín. Ẹ máa ní ìjì lẹ̀ ń sá fún. Òótọ́ ni pé àkọ́rọ̀ òjò Sókótó kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni: eruku á kọ́kọ́ dìde bí ògiri, afẹ́fẹ́ á tẹ̀lé e, páànù á máa fò. Òótọ́ náà ni pé igi panṣẹ́kẹ́ ò le, ẹ̀ka rẹ̀ tètè ń dá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, irú ẹ̀ka wo ló ń dá jù? Ẹ̀ka tó bá igi dàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀, igi ti wé e mọ́ra lọ́dọọdún, gbòǹgbò rẹ̀ wọ inú ìtì lọ. Ẹ̀ka tó yọ lẹ́yìn tí ẹ bẹ́ igi lórí, abẹ́ èèpo ló dúró sí, kò dì mọ́ nǹkan kan tó jinlẹ̀. Ó ń ga kíákíá, ó ń wúwo kíákíá, ibi tó sì gbára lé ń jẹrà lọ sísàlẹ̀ nítorí ojú ọgbẹ́ ńlá tí kò lè pa dé. Ìyẹn ni pé ẹ ń gé igi nítorí ìjì, gígé yẹn ló sì ń bí ẹ̀ka tí ìjì máa jù sórí mọ́tò yín. Mo mọ iye ìgbà tí ẹ ti sún mọ́tò yẹn kúrò lábẹ́ rẹ̀ lóru. Mi ò ní sọ iye rẹ̀ síta.

Ẹ tún ti fi òwe gbá mi lẹ́nu rí, ẹ ní kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Òwe gidi ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni ẹ kàn fò.

Nígbà tí panṣẹ́kẹ́ yìí kéré, ta ló wò ó? Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ pupa Sókótó, tí gbogbo ayé ń wá awọ rẹ̀ fún bàtà àti báàgì, ló rẹ́wọ́ igi yín fún yín, ó sì rẹ́ ẹ bó ṣe wù ú. Ìgbà náà gan-an ló yẹ kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà. Ìgbà tí igi ò tíì ga ju èèyàn lọ ni wọ́n ń yan ẹ̀ka kan tó tọ́ pé òun ni yóò jẹ́ ìtì, tí wọ́n á sì fi àlùmọ́gàjí gé ṣóńṣó èyí tó bá fẹ́ bá a du ipò. Ẹ̀ka méjì tó bá jọ yọ ní ojú kan náà tí igun àárín wọn há, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ, torí èèpo á há sáàárín wọn, ibẹ̀ ni igi máa là sí méjì lọ́jọ́ kan. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀, wọn kì í kó gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ gé e kúrú kó lè máa bọ́ ìtì, kó sì máa ṣíji bò ó, wọn á wá mú un kúrò díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn á fi lè gba abẹ́ igi kọjá láì bẹ̀rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò ní ju bọ́tìnnì lọ, igi á pa á dé kí ọdún tó yí po. Gbogbo ìyẹn ò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lọ́dún. Ẹ dúró títí igi fi ga ju òrùlé, ìgbà yẹn lẹ wá rántí òwe.

Ọ̀rọ̀ òwe àti igi yìí tilẹ̀ yà mí lẹ́nu lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Ṣebí ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé ìdí igi àjàgbọn ni Ògúnlọlá tẹ̀dó sí? Àjàgbọn kan náà yẹn ni wọ́n ń pè ní tsamiya níhìn-ín, tí wọ́n fi ń po kunun tsamiya tí ẹ̀ ń mu lásìkò ààwẹ̀. Ká ní mẹ́gáàdì yín wà níbẹ̀ nígbà náà ni, inú oòrùn ni Ògúnlọlá ì bá jókòó sí, kò sì ní pẹ́ kó tó kọjá lọ síwájú. Ibi tí ẹ ó ti máa sọ pé ẹ ti wá lónìí, mi ò mọ̀ ọ́n.

Oòrùn yẹn gan-an ló kàn. Oṣù Igbe ni ooru Sókótó ń dójú rẹ̀, ọ̀sán rẹ̀ sì máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà tí gbogbo ará ìlú ń wá ìbòòji lẹ̀ ń ṣí ìbòòji tiyín kúrò. Ìjọba ń na owó lórí iṣẹ́ Great Green Wall, kí igi lè dí aṣálẹ̀ lọ́nà ní ìpínlẹ̀ 11, Sókótó sì wà nínú wọn. Ilé yín ni aṣálẹ̀ ti rí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ láìgba owó. Ta ni mo sì rí lábẹ́ dóńgóyárò ilé kejì lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, pẹ̀lú ẹní, rédíò àti abẹ̀bẹ̀? Mi ò dárúkọ. Ẹni náà tilẹ̀ ń sọ fún onílé pé igi rẹ̀ dára.

Oòrùn ò sì mọ sórí yín nìkan. Èèpo ẹ̀ka tó ti ń gbé lábẹ́ ewé láti ọjọ́ tó ti yọ, ẹ já a síta lójijì nínú ooru bẹ́ẹ̀, á jó, á là, kòkòrò á wọ ibẹ̀. Ẹfun tí ẹ ní kí wọ́n fi kun ìtì igi nígbà tí ọdún ń bọ̀, ẹ̀ṣọ́ lẹ rò pé ẹ ṣe. Òun nìkan ni oore tí ẹ ti ṣe fún igi yẹn, torí funfun rẹ̀ ń dá oòrùn padà. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, àní tọkàntọkàn.

Mo ti ronú sí ibi tí ẹ ti kọ́ ìwà yìí, mo sì rò pé mo ti rí i. Dóńgóyárò ló bà yín jẹ́. Igi tó wá láti ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ní Nàìjíríà ní Maiduguri ní 1928, tó wá di igi gbogbo Àríwá. Dóńgóyárò ò mọ ìbínú. Ẹ gé e, á hù. Ẹ tún un gé, á tún hù. Zogale (moringa) náà dá kún un. Àwọn obìnrin tó ń ta zogale bíbọ̀ pẹ̀lú kúlíkúlí lọ́jà yín máa ń gé igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé orúnkún kí ewé tuntun lè yọ níbi tí ọwọ́ tó. Kuka (igi osè) náà, ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́ fún ewé ọbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ewé làwọn yẹn ń wá, ewé ni wọ́n sì ń rí. Ẹ̀yin ń wá òdòdó, ọgbọ́n ewé lẹ mú lò. Igi ò ṣì yín gbọ́. Ohun tí ẹ bi í ló fi dáhùn.

Igi kọ̀ọ̀kan ló sì ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ẹ bi àwọn Fúlàní tó ń kó ẹran wá sí ọjà Kara nípa igi gawo. Gawo máa ń wọ́wé nígbà òjò, á sì rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo igi yòókù wà ní ìhòòhò. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń fi í sílẹ̀ láàárín oko jéró: lásìkò tí jéró ń fẹ́ oòrùn, kò ní í ṣíji bò ó, lásìkò tí ẹran ń wá ewé, òun ló ní in. Àgbẹ̀ tí kò ka ìwé kankan mọ kàlẹ́ńdà gawo. Ẹ̀yin tí ẹ ní kàlẹ́ńdà mẹ́rin lára ògiri ìsọ̀, tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò mọ ti panṣẹ́kẹ́.

Ó rọrùn. Ẹ jẹ́ kó tan òdòdó rẹ̀ tán. Bó bá di nǹkan bí oṣù Agẹmọ, tí òdòdó ti já, tí òjò ń rọ̀, ẹ lè mú ẹ̀ka díẹ̀ kúrò: èyí tó ń gún ara wọn, èyí tó ń fi ara ha páànù, èyí tó kọjú sínú dípò kó kọjú síta. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé rẹ̀ lọ lọ́dún kan. Ẹ̀ka tó ti kú, tó ti gbẹ, ìyẹn ò ní àkókò, ìgbàkúgbà tí ẹ bá rí i ni kí ẹ gé e. Wanzami, onígbàjámọ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọjà, mọ̀ pé orí ọmọ ìkókó ni wọ́n ń fá kodoro; bí Alájì bá jókòó fún un, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gé, irùngbọ̀n ni yóò tọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti ọ́ìlì. Bí mẹ́gáàdì bá ti gé igi tán, ẹ ó rán an lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì pé kó gba kọ́ńdẹ́ḿ ọ́ìlì wá, ẹ ó sì fi kun ojú ọgbẹ́ títí á fi dúdú kirimú. Ẹ ní ẹ fi oògùn sí i. Ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Alex Shigo, tó bá àjọ igbó orílẹ̀-èdè wọn ṣiṣẹ́. Ó fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi gbọọrọ, kó lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá fara gbọgbẹ́. Ohun tó rí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977, yí iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú igi padà. Ara èèyàn tó bó máa ń sàn, ẹran tuntun á rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ti igi kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ náà nìyẹn. Ṣe ni igi máa ń mọ odi yí i ká kí ìjẹrà má baà kọjá, á sì dàgbà bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀dà, ọ́ìlì, sìmẹ́ńtì, kò sí èyí tó ń dá ìjẹrà dúró nínú wọn. Ọ́ìlì yín ń ba èèpo tó yẹ kó pa ọgbẹ́ náà dé jẹ́ ni. Ẹ fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Shigo náà ló fi ibi tó yẹ kéèyàn gé hàn wá kedere. Ẹ lọ wo ibi tí ẹ̀ka ti pàdé ìtì: ẹ ó rí i pé ó wú díẹ̀ yíká, ó ní ọrùn. Ọrùn yẹn ni ohun èlò tí igi fi ń mọ odi wà. Bí ẹ bá gé e mọ́ ìtì pátápátá, ẹ ti gé odi náà dànù. Bí ẹ bá fi kùkùté gígùn sílẹ̀, kùkùté á kú, á jẹrà wọlé. Iwájú ọrùn náà gẹ́ẹ́ ni ayùn yẹ kó gbà. Bí ẹ̀ka bá wúwo, ẹ kọ́kọ́ fi ayùn ha á lábẹ́, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìtì. Ẹ wá lọ síwájú díẹ̀, kí ẹ gé e láti òkè. Á já bọ́ láì fa èèpo ìtì ya lọ sísàlẹ̀. Kùkùté tó kù ni ẹ ó wá gé síbi ọrùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ayùn ni mo ń dárúkọ. Àdá kì í gé igi, ṣe ló ń ṣá a, ó ń fọ́ ọ, á sì fi ẹnu ọgbẹ́ sílẹ̀ ní wúruwùru. Gbogbo Sókótó ló mọ̀ pé ìsọ̀ yín ni ayùn tó dára wà. Ẹ kó o kọ́ sókè láti ọjọ́ tó ti dé, ẹ̀ ń polówó rẹ̀ fún àwọn káfíńtà pé ó mú, pé kì í tẹ̀. Ilé yín nìkan ni kò tíì dé.

Àwọn òpó mẹ́ta yẹn ńkọ́? Wọn ò tíì bọ́ sọ́nù. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka tuntun hù bó ṣe fẹ́ lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ yan méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára, tó jìnnà síra, kí ẹ dín àwọn tó kù kù, kì í ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ọdún tó tẹ̀lé e, ẹ tún dín in. Àwọn tí ẹ yàn á gbó, wọ́n á na ọwọ́ síta bí panṣẹ́kẹ́ ti í ṣe, òdòdó á sì padà. Ó gba sùúrù, mo mọ̀. Mo sì mọ̀ pé ẹ ní in. Nígbà tí iná jó Babbar Kasuwa ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021, tí àwọn kan ní àwọn ń padà sílé, ta ló tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìṣó ẹlẹ́yọ-ẹlẹ́yọ? Èmi ṣáà rí yín. Igi ò tilẹ̀ ní kí ẹ gbé owó kalẹ̀.

Mo ti fẹ́ parí, àfi tí ojú mi bọ́ sára géètì yín. Ẹ̀gbọ́n, bougainvillea yẹn! Igi tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀bẹ ni ẹ wá dá sí. Ó ti gun ògiri, ó ti wọ inú wáyà iná, ó ti gba fìlà lórí ọkọ àbúrò Alájà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mẹ́gáàdì ní ẹ̀gún rẹ̀ ń gún òun, ẹ sì gbà fún un. Orí ẹ̀ka tuntun ni bougainvillea ti ń so òdòdó, nítorí náà òun ni wọ́n ń gé. Bí ọ̀wọ́ òdòdó kan bá ti ń ṣá, ẹ gé àwọn ẹ̀ka gígùn yẹn dé ìdajì tàbí kó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan òmíràn á dé. Ẹ sì sọ fún ọmọ tó ń fọ mọ́tò kó yé da omi sí ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́. Òùngbẹ ló ń mú kó tan òdòdó. Omi ń sọ ọ́ di olówó tó ń sanra, ewé ṣáá ni.

Kí n sì tó gbàgbé, ohun aláràbarà tí Alájà ń pè ní òdòdó lára rẹ̀, ewé ni. Òdòdó gan-an ni ohun kékeré funfun tó wà láàárín. Philibert Commerson tó bá ọkọ̀ ojú omi Bougainville, ọ̀gákọ̀ ọmọ Faransé, rìn ló kó o ní ìtòsí Rio de Janeiro ní 1767, ó sì fi orúkọ ọ̀gákọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ń bá Commerson ru ẹrù, tó ń bá a gun òkè já ewé, obìnrin ni, Jeanne Baret, tó wọ aṣọ ọkùnrin torí òfin ọkọ̀ ogun wọn kò gba obìnrin. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ tó yí ayé po. Obìnrin yẹn yí ayé po nítorí ewéko. Mẹ́gáàdì yín ò lè gun àkàbà nítorí ẹ̀gún. Ìbọ̀wọ́ aláwọ wà nínú ìsọ̀ yín, ní apá òsì, lábẹ́ àwọn ṣọ́bìrì.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mi ò ní fi ṣàwàdà nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Iléyá ń bọ̀, ẹ ó so àgbò mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Oleander aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ṣe ọgbà níbẹ̀, àti olómi òjò tó ń tan òdòdó ràkọ̀ràkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, májèlé ni wọ́n láti gbòǹgbò dé ewé. Ọkàn ni oró wọn ń kọlù. Bí ẹ bá gé wọn, kí ẹni tó gé e fọ ọwọ́, kí oje rẹ̀ má kan ojú. Ẹ má ju ewé rẹ̀ síwájú àgbò, gbígbẹ rẹ̀ náà kò sì sàn ju tútù lọ. Ẹ má fi igi rẹ̀ dáná, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í gún ẹran suya lọ́jọ́ ọdún. Ilẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́, kí ẹ kó o sí i, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ẹ ní kí mẹ́gáàdì lọ kí àwọn ará rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwa méjèèjì la jọ máa wo igi yẹn, ẹ̀ka tó ti kú nìkan la máa mú, a ó sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ di ẹ̀yìn òdòdó. Ayùn tó wà lókè pátápátá nínú ìsọ̀ yín, ẹlẹ́nu títẹ̀ yẹn, ni mo fẹ́ rà. Ẹ má pè é ní iye tí ẹ ń pè é fún àwọn tó ń ti Illela wá. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà yẹn wọlé, mo sì rí rìsíìtì. Iyekíye tí ẹ bá sọ, màá san ìdajì lójú ẹsẹ̀. Ìdajì tó kù, ọjọ́ tí panṣẹ́kẹ́ yín bá tan òdòdó ni kí ẹ wá gbà á.

Èmi ni àbúrò yín,
Ará ilé ẹ̀yìn ògiri